Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Irúgbìn Ìbàdàn Wà Nínú Ilẹ̀ Dídì Tó Ń Yọ́

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ẹ̀kọ́,
Sẹkitéríàtì, Agodi,
Ìbàdàn.

Ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ wa. Ọlọ́run yóò máa fún yín ní okun sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ó dá lórí ilẹ̀ tó wà ní ìhà àríwá ayé, níbi tí òtútù ti mú ilẹ̀ dì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama wa ń kà nípa rẹ̀ nínú Jọ́gíráfì lábẹ́ àkọlé tundra. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ bá wa tún bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣe ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba, láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ náà ń yọ́, ohun tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde kì í dúró síbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun ìní ìlú Ìbàdàn wà nínú ilẹ̀ dídì yẹn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú yìí ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ìní yẹn.

Gbogbo wa la mọ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́, ní ìtòsí Mọ́níyà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí èèyàn bá dárúkọ rẹ̀ láàárín ìgboro, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà yẹn, wọ́n ní yàrá òtútù tí wọ́n ń kó irúgbìn pamọ́ sí. Oríṣi ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ lé ní 15,000, ẹ̀wà wa yìí kan náà tí a fi ń ṣe àkàrà, mọ́ín-mọ́ín àti gbẹ̀gìrì. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí wọ́n ti kó irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ jọ tó ti Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn, Ọlọ́lá, nítorí mi ò rò pé a máa ń gbé e sọ tó bó ṣe yẹ.

Ní oṣù Èrèlè ọdún 2008, ìjọba Nọ́wè ṣí ilé irúgbìn àgbáyé kan sí Svalbard, àwọn erékùṣù tí wọ́n fi nǹkan bí 1,300 kìlómítà péré jìnnà sí góńgó àríwá ayé. IITA wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irúgbìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Nǹkan bí 7,000 oríṣi irúgbìn ni wọ́n dì sínú àpótí láti Ìbàdàn níbí, èyí tí wọ́n ti ṣà jọ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 30. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sí lára wọn, nítorí ebu àti igi la fi ń gbìn wọ́n, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sì ń gbà tọ́jú ìyẹn. Inú òkè ni wọ́n gbẹ́ ilé irúgbìn náà sí, ó wọ inú òkè lọ ju 100 mítà. Ẹ̀rọ ló ń mú yàrá ibẹ̀ tutù títí dé dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi yan òkè yẹn ni pé ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ dì. Bí iná mànàmáná bá dákú tí ẹ̀rọ sì dúró, òkè náà á ṣì máa bá wọn mú ibẹ̀ tutù fún ìgbà pípẹ́.

Ìwúlò rẹ̀ hàn ní ọdún 2015. Ilé irúgbìn kan wà nítòsí Aleppo ní Síríà. Ogun dé, àwọn òṣìṣẹ́ kò lè lo ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi irúgbìn ránṣẹ́ sí Svalbard ṣáájú, nítorí náà wọ́n lọ gba díẹ̀ padà, wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, nígbà tó sì so, wọ́n dá òmíràn padà síbẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí jàǹbá kankan dé bá yàrá tó wà ní Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n bó bá dé, Svalbard ni a máa sá lọ.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2016, ooru tí kò bá àsìkò mu dé bá Svalbard. Òjò rọ̀ nígbà tó yẹ kó jẹ́ yìnyín ni yóò máa bọ́. Omi wọ ọ̀nà àbáwọlé ilé irúgbìn náà, ó sì dì sínú ibẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ irúgbìn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn tó kọ́ ilé náà ti gbójú lé e pé ilẹ̀ tí wọ́n tú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà náà yóò tún dì padà fúnra rẹ̀. Kò dì padà bí wọ́n ṣe rò. Ìjọba Nọ́wè ní láti tú ọ̀nà àbáwọlé náà, wọ́n sì tún un kọ́ lọ́nà tí omi kò fi ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ọdún 2019 ni iṣẹ́ náà parí. Láàárín ọdún 1971 sí 2017, ooru Svalbard ti fi dígírì 3 sí 5 lé sí i.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé tí a fi ń kọ́ni ṣàlàyé tundra dáadáa bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà: kò sí igi ńlá níbẹ̀, òtútù pọ̀, ìgbà ooru kúrú, mọ́ọ̀sì àti láíkìn tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta ló ń hù, àwọn ẹran reindeer sì ń jẹ wọ́n. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, á sì gbàgbé rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi dárúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí a ń pè ní permafrost ni ilẹ̀ tí ìgbóná rẹ̀ kò kọjá òdo fún ọdún méjì léraléra, ó kéré tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú kankan dó nílẹ̀ Yorùbá. Ní apá kan ní Sàìbéríà, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó jìn tó 1,500 mítà. Òkè rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ́ nígbà ooru, ní ọ̀pọ̀ ibi kì í sì í ju mítà kan tàbí méjì lọ. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ewéko ń gbé. Omi kò lè gba ìsàlẹ̀ lọ nítorí pé abẹ́ ibẹ̀ ti dì gbagidi, ìdí nìyẹn tí tundra fi kún fún àbàtà àti adágún. Bẹ́ẹ̀, òjò àti yìnyín tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún kì í sábà tó 250 mílímítà, nígbà tí òjò Ìbàdàn ń lé ní 1,200. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ SS2 pé báwo ni ibi tí òjò rẹ̀ kò tó ti Sókótó ṣe lè jẹ́ kìkì àbàtà. Bó bá lè dáhùn, ó ti lóye ilẹ̀ dídì. Bí kò bá lè dáhùn, ohun tó há sórí kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ Ìbàdàn, nítorí pé ìdajì ẹ̀kọ́ náà ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewé máńgòrò tó já sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù nínú ọgbà ilé-ìwé, kí ọdún tó yí ó ti jẹrà. Ikán, ekòló àti kòkòrò tí ojú kò rí ti sọ ọ́ di ilẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, tó wà lára rẹ̀ sì ti padà sínú afẹ́fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò nípọn, pé bí a bá ṣán igbó, ọdún mélòó kan ni ọ̀rá rẹ̀ á fi tán. Ooru àti òjò wa ló fà á.

Ní tundra, ewéko ń hù díẹ̀díẹ̀, ó ń kú, òtútù kò sì jẹ́ kó jẹrà tán. Èyí tó kú lọ́dún yìí á lé lórí ti èṣí, ilẹ̀ á sì dì mọ́ gbogbo rẹ̀. Koríko tí àwọn mammoth, àwọn erin onírun ayé àtijọ́, ń jẹ kí wọ́n tó pa run, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ yẹn títí di òní. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Rọ́ṣíà kéde pé àwọn ti mú òdòdó hù láti ara èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ kó pamọ́ sínú ilẹ̀ dídì Sàìbéríà ní nǹkan bí 30,000 ọdún sẹ́yìn. Báyìí ni nǹkan ṣe kó jọ títí ó fi tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1,500 kábọ́ọ̀nù. Iye yẹn tó ìlọ́po méjì kábọ́ọ̀nù tó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ayé.

Bí ilẹ̀ náà bá ti yọ́, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì ló ń jáde. Níbi tí omi bá ti rọ́gún, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, gáàsì méténì ló ń jáde, agbára méténì láti mú ayé gbóná sì ju ti èkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 80 láàárín 20 ọdún àkọ́kọ́. Láti ọdún 1979, ìpẹ̀kun àríwá ayé, tí wọ́n ń pè ní Arctic, ti ń gbóná ní ìlọ́po tó súnmọ́ mẹ́rin ju bí gbogbo ayé lápapọ̀ ṣe ń gbóná. Ní ọjọ́ 20 oṣù Òkúdù ọdún 2020, ooru dé dígírì 38 ní Verkhoyansk ní Sàìbéríà. Kódà ooru oṣù Ẹrẹ́nà tí gbogbo wa ń ráhùn sí ní Ìbàdàn kì í sábà dé ibẹ̀. Àjọ IPCC, tó ń kó ìwádìí ojú ọjọ́ jọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣírò rẹ̀ pé bí ayé bá fi dígírì kan gbóná sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ dídì tó wà láàárín mítà mẹ́ta òkè ni yóò yọ́.

Àwọn kan máa ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní bọ́ǹbù. Èmi kò fara mọ́ ọn, mi ò sì fẹ́ kí olùkọ́ kankan fi dẹ́rù ba ọmọ. Bọ́ǹbù ń bú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tán. Gáàsì inú ilẹ̀ dídì yóò máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò sì sí ìjọba kan tó lè fi òfin dá a dúró bí wọ́n ṣe lè ti ilé iṣẹ́ pa. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ èèyàn ni ìwọ̀n ooru tí a fi kún ayé láti ìsinsìnyí lọ. Nínú ìròyìn ọdọọdún tí NOAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní òpin ọdún 2024, wọ́n sọ pé bí a bá ka iná tó ń jó pápá ibẹ̀ mọ́ ọn, tundra tó ti ń fa kábọ́ọ̀nù sínú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde ju èyí tó ń fà wọlé lọ. Ìwé àwọn ọmọ wa kò tíì dárúkọ èyí rárá.

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí ibẹ̀ náà ti rí i. Igi kéékèèké bíi willow ń hù sí ibi tí kìkì mọ́ọ̀sì wà tẹ́lẹ̀. Ní Alaska ní Amẹ́ríkà, ẹran tí wọ́n ń pè ní beaver ti ń wọ inú tundra, ó ń sé omi, adágún tó ń dá sílẹ̀ sì tún ń mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yọ́ yára. Ní ilẹ̀ Yamal ní Rọ́ṣíà, àwọn Nenets ń da reindeer káàkiri bí àwọn baba ńlá wọn ti ṣe. Ní oṣù Bélú ọdún 2013, òjò rọ̀ sórí yìnyín wọn, ó dì bo oúnjẹ ẹran mọ́lẹ̀, ẹran kò lè fi pátákò wa á. Nǹkan bí 61,000 reindeer ni ebi pa. Nígbà tó di ọdún 2016, ooru ìgbà ẹ̀rùn mú ilẹ̀ wọn yọ́ jinlẹ̀, àrùn anthrax tó ti sùn sínú ilẹ̀ sì jí. Ó pa ẹran tó lé ní 2,000, ó sì pa ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó wà ní JSS1 níbí ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ wọn bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Ilé àwọn èèyàn ibẹ̀ pẹ̀lú ń rì. Ìlú Yakutsk ní Sàìbéríà, tí àwọn olùgbé rẹ̀ lé ní 300,000, orí òpó tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ dídì ni ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ dúró lé. Ní Norilsk, ní Sàìbéríà kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2020, táńkì epo kan wó, tọ́ọ̀nù dísẹ̀ẹ̀lì tó tó 20,000 sì dà sínú odò àti ilẹ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀ tó yọ́ lábẹ́ táńkì ló fà á, àwọn olùwádìí ìjọba sì rí àléébù nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní Alaska, àwọn ará abúlé Newtok, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Yup'ik, ti kó kúrò nílùú bàbá wọn lọ sí Mertarvik, nítorí pé odò ń gé ilẹ̀ tó yọ́ lọ lábẹ́ ilé wọn. Ní Batagay ní Sàìbéríà, wọ́n gé igbó kan ní àwọn ọdún 1960, oòrùn sì rí ilẹ̀ dídì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò tó ti ibẹ̀ ṣí ti gùn tó kìlómítà kan báyìí, ó sì ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ọlọ́lá, ẹnì kan lè bi mí pé kí ni gbogbo èyí kan ọmọ tó ń gbé Bẹẹrẹ tàbí Òkè-Àdó. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Gáàsì tó jáde ní Sàìbéríà kì í dá dúró sórí Sàìbéríà. Láàárín ọdún kan sí méjì ó ti tàn kárí ayé. Afẹ́fẹ́ tó fi dígírì kan gbóná sí i lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nígbà tó bá sì tú u sílẹ̀, a mọ bí ó ṣe máa ń rí. Àwọn tó rí àkúnya omi Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 ṣì wà láyé. Àwọn tó rí ti ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011 kò tíì gbàgbé, nígbà tí ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ sí i. Mi ò sọ pé ilẹ̀ dídì ló fa àkúnya omi méjèèjì yẹn. Kòtò tó dí, ilé tí a kọ́ sí etí odò, àti òjò ńlá ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ ọdún 15 tó jókòó sí kíláàsì lónìí ni yóò jẹ́ ẹnjinníà tó máa díwọ̀n afárá odò Ọ̀nà ní ọdún 2050. Ìwọ̀n òjò àná kò ní tó fún un. Ó yẹ kó ti mọ láti ilé-ìwé pé ooru tí ilẹ̀ àríwá ń fi kún ti gbogbo ayé wà lára ìṣirò tí yóò ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó púpọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan ṣì ń wá àga àti òrùlé, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó máa gba owó àga. Abuja ló ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yín lágbára láti fi ìwé àfikún ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́. Ojú ìwé mẹ́rin tó: ohun tí ilẹ̀ dídì jẹ́, bí kábọ́ọ̀nù ṣe débẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, àti ìtàn irúgbìn wa tó wà ní Svalbard.

Ẹ tún bá wa bá IITA sọ̀rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì àti ti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ lè máa lọ wo yàrá irúgbìn náà. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀wà tó dì sínú páálí, tí wọ́n sì sọ fún un pé ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú òkè yìnyín ní òpin ayé, kò tún ní ka tundra sí ohun tí a ń há sórí fún ìdánwò. Láti Mókọ́lá dé ibẹ̀ kò ju ìrìn bọ́ọ̀sì díẹ̀ lọ, bí gọ́sílóò Ojóò kò bá mú wọn.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣe àyẹ̀wò kékeré kan pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí wọ́n wá agolo mílíìkì méjì, kí wọ́n kó ilẹ̀ ọgbà àti ewé tútù sínú méjèèjì, kí wọ́n bomi díẹ̀ sí i. Kí wọ́n gbé ọ̀kan sábẹ́ igi, kí wọ́n gbé èkejì sínú firísà olùkọ́ kan tàbí ti ìyá elẹ́ja tó wà nítòsí ilé-ìwé. Kí wọ́n ṣí i wò lẹ́yìn oṣù méjì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ti inú firísà jáde, kí wọ́n fi sábẹ́ igi, kí wọ́n máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ á gbóòórùn ìdáhùn kí olùkọ́ tó sọ ọ́.

Sáà tuntun á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá fọwọ́ sí i, mo ṣetán láti kọ ojú ìwé mẹ́rin yẹn lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láìgba kọ́bọ̀, kí ẹ fún àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tó ṣì lágbára láti dúró níwájú pátákó, pọ̀ ní ìlú yìí, a ó sì wá bí ẹ bá pè wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mókọ́lá, Ìbàdàn.